Ta Ni Yóò Po Ẹ̀tù Rẹ̀? Àgbéyẹ̀wò Rọ́kẹ́ẹ̀tì Alágbára Gẹ́gẹ́ Bí Eré Ìgbafẹ́, Láti Tchatchou

Rọ́kẹ́ẹ̀tì tí àwọn ènìyàn ń fi ọwọ́ ara wọn kàn, tí wọ́n ń yìn sókè ní òpin ọ̀sẹ̀, tí wọ́n sì ń sáré lọ gbé nígbà tó bá balẹ̀, kì í ṣe ohun ìṣeré ọmọdé nígbà gbogbo. Lẹ́tà ni wọ́n fi ń to agbára ẹ́ńjìnnì rẹ̀, láti A lọ, agbára lẹ́tà kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ìlọ́po méjì ti èyí tó ṣáájú rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì A kò ju Newton-sẹ́kọ́ńdù 2.5 lọ. G parí sí 160. H tó tẹ̀ lé e dé 320, èyí tó jẹ́ ìlọ́po 128 ti A, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń pè é ní rọ́kẹ́ẹ̀tì alágbára. Ohun tí H ń gbé lè ga ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ, ó lè wọn kílò méjì, yóò sì ti fò tó ìdajì kìlómítà kí ènìyàn tó kà dé méjìlá. Ìbéèrè tí mo fẹ́ yẹ̀ wò ni bóyá irú eré báyìí lè fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní ibi bíi Tchatchou, ní agbègbè Tchaourou ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, lójú títì tó gba Cotonou lọ sí Parakou, níbi tí Bàrìbá, Nàgó àti Fúlàní ti jọ ń gbé, tí wọ́n ń gbin iṣu, òwú àti kajú. Èsì mi ni pé ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n ohun kan ló rọ̀ mọ́: ẹni tó ń kan rọ́kẹ́ẹ̀tì kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tó ń po ẹ̀tù rẹ̀, ó kéré tán títí di ìgbà tó bá ti gun àkàbà ìdánwò eré náà dé òkè. Níbi tí wọ́n ti ya iṣẹ́ méjèèjì sọ́tọ̀, eré náà dàgbà. Níbi tí wọn kò ti yà á, àwọn ọ̀dọ́ fara gbọgbẹ́, òfin sì tẹ̀ lé e.

Ẹni tí kò tíì rí i rí á rò pé ẹ́ńjìnnì ni gbogbo ọ̀rọ̀. Ẹ́ńjìnnì ọ̀hún kì í sábà jó ju ìṣẹ́jú àáyá méjì tàbí mẹ́ta lọ. Ohun tó kù jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ àti ìṣirò. Ọ̀pá páálí tó nípọn ni ara rẹ̀, ìyẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí wọ́n gé lára pákó pẹlẹbẹ wà ní ìdí, imú ike wà lókè. Kò sí irin lára rẹ̀ ju èyí tí a kò lè ṣe aláìní, torí ohun tó bá já bọ́ lójijì kò gbọdọ̀ di ọ̀kọ̀. Ibi tí ìwúwo rẹ̀ ti dọ́gba gbọ́dọ̀ wà níwájú ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́, gẹ́gẹ́ bí ọfà ṣe wúwo lórí tó sì ní ìyẹ́ ní ìdí. Fún rọ́kẹ́ẹ̀tì kékeré, ìdánwò rẹ̀ kò gba owó: so okùn mọ́ ọn níbi tó ti dọ́gba, kí o máa fì í yí orí rẹ ká, bí imú rẹ̀ bá ń ṣíwájú, yóò fò tààrà, bí ìdí ló bá ń ṣíwájú, fi ìwúwo kún imú tàbí kí o gé ìyẹ́ tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ. Agbára tí ẹ́ńjìnnì fi ń tì í gbọ́dọ̀ tó ìlọ́po márùn-ún ìwúwo rẹ̀, kí eré rẹ̀ lè ti pọ̀ tó nígbà tó bá fi òpó tó ń tọ́ ọ sílẹ̀, torí ìyẹ́ kò wúlò fún ohun tí kò tíì sáré. Nígbà tó bá dé òkè pátápátá, ẹ̀tù táṣẹ́rẹ́ kan á bú, á ti imú jáde, párásúùtì á sì ṣí. Aṣọ kékeré tí iná kì í jó ni wọ́n fi ń bo párásúùtì náà kí ẹ̀tù má bàa yọ́ ọ. Ọ̀pọ̀ rọ́kẹ́ẹ̀tì tó fọ́, níbi aṣọ yìí, okùn tàbí bátìrì ni àṣìṣe ti wáyé. Gígòkè lọ kò ṣòro tó bíbọ̀ wálẹ̀.

Ìtàn bí wọ́n ṣe ya iṣẹ́ méjèèjì sọ́tọ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tó ń ta bàtà. Orville Carlisle ló ń jẹ́, ní ìlú Norfolk ní ìpínlẹ̀ Nebraska, ní Amẹ́ríkà, ó sì fẹ́ràn iná ọdún tó ń dún gbàmù. Ní 1954 ó kan rọ́kẹ́ẹ̀tì páálí kan tó ní párásúùtì nínú, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣeé yọ sọnù kí a sì fi òmíràn rọ́pò. Ní 1957 ó ka ohun tí G. Harry Stine, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní pápá rọ́kẹ́ẹ̀tì White Sands, kọ nípa àwọn ọ̀dọ́ tó ń fara pa nídìí rọ́kẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń dá ṣe, ó sì fi tirẹ̀ ránṣẹ́ sí i. Stine mọ ohun tó rí. Ní ọdún yẹn kan náà ó dá ẹgbẹ́ National Association of Rocketry sílẹ̀, nígbà tí sátẹ́láìtì Sputnik sì gòkè ní oṣù kẹwàá, tí àwọn ọmọ ilé ìwé bẹ̀rẹ̀ sí í ki kẹ́míkà bọ inú ọ̀pá irin, ọ̀nà mìíràn ti wà nílẹ̀ fún wọn. Vern Estes ló wá sọ ọ́ di ọjà. Ẹ̀rọ tí ó ṣe ní 1958, tó pè ní Mabel, ń ki ẹ́ńjìnnì kan láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́fà péré. Pé ó yára kọ́ ni mo ṣe ń tọ́ka sí i. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé ẹ́ńjìnnì ẹlẹ́gbẹ̀rún kò yàtọ̀ sí àkọ́kọ́. Ẹ̀tù tí a kì nínú ọ̀pá máa ń jó láti ojú rẹ̀ tó fara hàn síta. Bí ojú náà bá ṣe fẹ̀ tó ni gáàsì ṣe ń pọ̀ tó. Bí ẹ̀tù náà bá wá sán, tí afẹ́fẹ́ há sínú rẹ̀, tí ojú kò sì rí i, iná á wọ inú ibi tó sán, ojú tó ń jó á di ìlọ́po lójijì, ọ̀pá á sì bẹ́. Ẹni tó ń fọwọ́ pò ó nínú yàrá kò ní bó ṣe máa mọ̀ ṣáájú.

Orí ìpìlẹ̀ yìí ni àwọn onírọ́kẹ́ẹ̀tì alágbára ti wá kọ́ ilé tiwọn. Nínú ẹgbẹ́ Stine yẹn àti nínú ẹgbẹ́ kejì ní Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ Tripoli, kò sí ẹni tó lè máa ra ẹ́ńjìnnì H tàbí I láì kọ́kọ́ kan rọ́kẹ́ẹ̀tì kan, kó yìn ín lójú ẹlẹ́rìí tí ẹgbẹ́ mọ̀, kó sì gbé e padà wá láìfọ́. Láti J dé L, ìdánwò orí ìwé wà. Láti M lọ sókè, àwọn àgbà ẹgbẹ́ á yẹ àwòrán iṣẹ́ náà wò kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Lórí irú àkàbà bẹ́ẹ̀ ni Steve Eves ti gbé àwòkọ rọ́kẹ́ẹ̀tì Saturn V rẹ̀ fò ní oṣù kẹrin ọdún 2009 ní ìpínlẹ̀ Maryland: ìdá kan nínú mẹ́wàá ti gidi, ó ga ju mítà mẹ́wàá lọ, ó sì wọn nǹkan bíi kílò 750. Ìjọba kò gbà fún wọn ní wẹ́rẹ́. Ọ́fíìsì tó ń ṣàkóso ọtí, sìgá, ìbọn àti ohun abúgbàù ní Amẹ́ríkà ka èròjà ẹ́ńjìnnì wọn mọ́ ohun abúgbàù. Ẹgbẹ́ méjèèjì gbé e lọ sílé ẹjọ́ ní 2000, wọ́n sì jàre ní 2009, nítorí ọ́fíìsì náà kò mú ẹ̀rí tó tó wá pé ohun abúgbàù ni èròjà náà. Ilẹ̀ Faransé gba ọ̀nà mìíràn, èyí tó sì yẹ kí Bẹ̀nẹ̀ wò dáadáa, torí ọ̀dọ̀ wọn ni ìlànà ilé ẹ̀kọ́ àti ti ọ́fíìsì rẹ̀ ti ṣẹ̀. Láti 1962 ni ẹgbẹ́ tó ń jẹ́ Planète Sciences lónìí ti ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú CNES, àjọ òfurufú wọn. Àwọn ọ̀dọ́ ló ń ya rọ́kẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n ń kàn án, tí wọ́n ń to ẹ̀rọ ìwọ̀n sínú rẹ̀; ẹ́ńjìnnì ńkọ́? Àgbàlagbà tó ní ìwé àṣẹ nìkan ló ń fọwọ́ kàn án. Pápá àwọn ológun ní Ger, lẹ́bàá Tarbes, ni wọ́n ti ń yìn ín lọ́dọọdún. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí a máa padà sórí ọ̀rọ̀ ológun.

Ní Áfíríkà, ìtàn rọ́kẹ́ẹ̀tì kò tẹ̀ lé àkàbà kankan. Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ mọ̀ ní ìwọ̀-oòrùn rẹ̀ jẹ́ ti ogun: àwọn onímọ̀ Biafra ṣe rọ́kẹ́ẹ̀tì àti bọ́ǹbù ogbunigwe láàárín 1967 sí 1970, ìrántí rẹ̀ kò sì mú kí ọlọ́pàá kankan rẹ́rìn-ín bó bá gbọ́ pé ọmọ kan ń kan rọ́kẹ́ẹ̀tì. Ní Zambia, Edward Makuka Nkoloso kéde ní 1964 pé òun á rán ènìyàn lọ sí òṣùpá. Àwọn oníròyìn òyìnbó fi ṣẹ̀sín, a sì lè fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Jean-Patrice Keka ti Kóńgò Kinshasa ló yẹ ká dúró tì. Ilé iṣẹ́ tirẹ̀ ló fi yin àwọn rọ́kẹ́ẹ̀tì tó pè ní Troposphère láti ilẹ̀ oko rẹ̀ ní Menkao. Ní 2009 ó fi eku kan sínú ìkarùn-ún wọn. Rọ́kẹ́ẹ̀tì náà yà bàrá, ó já, eku náà sì kú. Mo bọ̀wọ̀ fún ìgboyà ọkùnrin náà. Síbẹ̀, ilé iṣẹ́ kan náà ló po ohun tó ń jó, tó kan ara rẹ̀, tó sì darí rẹ̀, n kò sì rí ẹgbẹ́ kan lókè rẹ̀ tó lè sọ pé ó tó gẹ́ẹ́, ẹ jẹ́ ká tún un wò. Ní Nàìjíríà, àjọ NASRDA tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1999 ní ibùdó tó ń rí sí ìgbéra àti ẹ́ńjìnnì rọ́kẹ́ẹ̀tì ní Ẹ̀pẹ́, lábẹ́ ìjọba. Ará ìta kò ní ìpín níbẹ̀. Gúúsù Áfíríkà ló sún mọ́ ohun tí mò ń wá. Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹta ọdún 2021, rọ́kẹ́ẹ̀tì Phoenix ti Yunifásítì KwaZulu-Natal gòkè dé kìlómítà 17.9 láti pápá Overberg. Irú epo tí wọ́n fi ń ṣe àbẹ́là ló ń jó nínú rẹ̀, gáàsì kan ló sì ń fún un ní ọ́síjìn. Bí a bá ya méjèèjì sọ́tọ̀, epo náà kò lè bú bíi ẹ̀tù, ìyẹn sì wúlò ju bó ṣe dún létí lọ.

Tchatchou wá ńkọ́? Ilẹ̀ kì í ṣe ìṣòro. Agbègbè Tchaourou lé ní kìlómítà onígun mẹ́rin 7,000, ọ̀dàn ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tó ṣófo lójú àlejò kì í ṣófo lójú onílẹ̀. Láti oṣù kejìlá dé oṣù kejì, tí ojú ọ̀run mọ́ kúrò lọ́wọ́ òjò, ọyẹ́ ń fẹ́, koríko ti gbẹ dé gbòǹgbò, kajú sì ń yọ òdòdó lọ́wọ́. Ẹ́ńjìnnì kan tó bá já bọ́ nígbà tó ṣì ń jó lè run oko kajú tí ẹnì kan fi ọdún mẹ́wàá tọ́jú, kò sì sí ẹgbẹ́ ìgbafẹ́ tó lè san án padà. Màlúù Fúlàní ń rìn kọjá láìka kàlẹ́ńdà ẹnikẹ́ni sí. Àkókò tí èmi yóò mú ni ìparí oṣù kẹwàá sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá, ní kùtùkùtù òwúrọ̀, lórí ilẹ̀ tí wọ́n ti kórè, tí wọ́n sì ti pa ewéko ibi òpó ìgbéra rẹ́ pátápátá. Afẹ́fẹ́ ni ká wá ṣírò. Rọ́kẹ́ẹ̀tì tó bá ṣí párásúùtì ńlá ní gíga 600 mítà, tó ń bọ̀ wálẹ̀ ní mítà mẹ́fà ní ìṣẹ́jú àáyá, á lò 100 ìṣẹ́jú àáyá lófuurufú. Bí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́ ní mítà márùn-ún ní ìṣẹ́jú àáyá, ìdajì kìlómítà ló máa gbé e lọ, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ orí òrùlé ẹlòmíràn. Bí ẹ̀rọ kékeré tó ń fi ìwọ̀n afẹ́fẹ́ mọ gíga bá kọ́kọ́ tú párásúùtì kékeré, tó ń bọ̀ ní 20 mítà ní ìṣẹ́jú àáyá, tó wá tú ńlá nígbà tó ku 150 mítà, àpapọ̀ rẹ̀ kò tó 50 ìṣẹ́jú àáyá, kò sì ní rìn ju 240 mítà lọ. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rọ kékeré náà fi ṣe pàtàkì ju ẹ́ńjìnnì ńlá lọ ní ibi tí oko ti súnmọ́ oko.

Àtakò tó wúwo jù ni ti ààbò, èmi kò sì rò pé a lè fi ẹnu lásán borí rẹ̀. Ní oṣù kìn-ín-ní àti oṣù kẹrin ọdún 2025, àwọn agbébọn pa ọ̀pọ̀ ọmọ ogun Bẹ̀nẹ̀ ní Alibori, ní òkè Borgou tí Tchaourou wà nínú rẹ̀. Èyí tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù kẹrin nìkan pa ọmọ ogun 54. Tchaourou fara kan ààlà Nàìjíríà. Ohun tó bá gbéra láti inú igbó pẹ̀lú èéfín àti ariwo ní irú àkókò báyìí, ta ni yóò dúró béèrè bóyá eré ni? Àwọn kan á ní nítorí náà kí a gbàgbé rẹ̀. Mo gbà pé kò gbọdọ̀ súnmọ́ Kika tàbí ibikíbi mìíràn lẹ́bàá ààlà. Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù yìí gan-an ló ń gbè lẹ́yìn ohun tí mò ń sọ. Ohun tó ń ba ọlọ́pàá lẹ́rù ni ẹ̀tù tí kò mọ ẹni tó ní in. Ẹ́ńjìnnì tó ní nọ́ńbà, tó wọlé pẹ̀lú ìwé, tó wà ní ìpamọ́ lábẹ́ kọ́kọ́rọ́ ẹni tí ìjọba mọ̀, tí wọ́n sì jó lọ́jọ́ tí wọ́n ti kéde ní rédíò Parakou, lójú ọlọ́pàá àti baálẹ̀, yàtọ̀ sí èyí. Àwọn tó ń fọ́ òkúta fún títì ń lo ohun abúgbàù gidi lábẹ́ irú ìlànà bẹ́ẹ̀. Ti òfurufú, iṣẹ́ àwọn àjọ tó ń rí sí ọkọ̀ òfurufú, ANAC Bẹ̀nẹ̀ àti ASECNA, ni, nítorí pápá ọkọ̀ òfurufú wà ní Parakou, tí kò jìnnà sí Tchatchou. Bí ìjọba bá ní pápá ológun nìkan ni òun á gbà, kí a gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ Faransé kò kú nítorí pé wọ́n ń yin tiwọn ní Ger.

Àtakò kejì dùn mọ́ mi ju èyí lọ, torí ọ̀dọ̀ àwọn tó fẹ́ràn ìmọ̀ ló ti ń wá. Wọ́n ní: ẹni tó ń ra ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́ òyìnbó, kí ló kọ́? Alágbẹ̀dẹ wa ń rọ ṣakabùlà, ọdẹ wa mọ ẹ̀tù, ìbọn sì ń dún níbi òkú àgbà. Kí ló dé tí ọmọ Tchatchou kò ní po tirẹ̀? Àwọn mìíràn á tọ́ka sí ṣúgà tí àwọn ọmọ òkè òkun ń pò mọ́ kẹ́míkà, pé kò wọ́nwó. Èmi kò ní kí ìmọ̀ ẹ̀tù di èèwọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀tù ọdẹ àti ẹ́ńjìnnì rọ́kẹ́ẹ̀tì kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹ̀tù ọdẹ gbọ́dọ̀ jó tán lẹ́ẹ̀kan náà, agbára rẹ̀ sì ti rí ẹnu ìbọn gbà jáde. Ti rọ́kẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ jó díẹ̀díẹ̀ bí wọ́n ṣe ṣírò rẹ̀, láìsí ibi tó sán, nínú ọ̀pá tó dí àyàfi ihò kan. Ẹni tó mọ ọ̀kan dáadáa lè gbójú lé e, kó sì fi ìgboyà yẹn pa ara rẹ̀ nídìí èkejì. Ẹ sì wo àwọn tó dé òkè àkàbà náà. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹrin ọdún 2019, rọ́kẹ́ẹ̀tì Traveler IV tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Southern California kàn gòkè kọjá ọgọ́rùn-ún kìlómítà. Àwọn fúnra wọn ló po èròjà rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó lé ní ọdún mẹ́wàá tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń fi iṣẹ́ náà lé ara wọn lọ́wọ́ nínú yàrá ìwádìí, pẹ̀lú olùkọ́ lórí wọn, kí ó tó rí bẹ́ẹ̀. Abẹ́ irú àbójútó bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀tù pípò wà níbẹ̀. Àwọn alátakò wa fẹ́ fi í ṣe ìbẹ̀rẹ̀.

Ti owó kò gba àríyànjiyàn púpọ̀. Àwọn kan á sọ pé ibi tí kànga kò tó, kí ni wọ́n ń wá lójú ọ̀run. Bọ́ọ̀lù náà ń ná wọn lówó. Ohun tó wọ́n ní ti gidi ni gbígbé ẹ́ńjìnnì náà wọlé, torí ẹrù eléwu ni lójú ọkọ̀ òfurufú, ẹnì kan ṣoṣo kò sì lè dá rù ú. Níbi yìí ni Yunifásítì Parakou, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2001, ti lè wúlò: kí ó jẹ́ ẹni tó ń tọrọ àṣẹ, tó ń kó o wọlé, tó sì ń tọ́jú rẹ̀, kí àwọn ilé ẹ̀kọ́ girama tó wà lójú títì títí dé Tchaourou wá kan ara rọ́kẹ́ẹ̀tì sí i. Lẹ́yìn èyí, kí wọ́n gbìyànjú ti epo àbẹ́là bíi ti KwaZulu-Natal, nítorí yàrá ìwádìí ni ó yẹ fún.

Ṣáájú gbogbo èyí, omi wà. Ìgò ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò tí omi kún ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀, tí wọ́n fi páǹpù kẹ̀kẹ́ fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú rẹ̀, rọ́kẹ́ẹ̀tì gidi ni. Kò ní iná tó lè jó oko kajú, kò sì ní ẹ̀tù tí ọlọ́pàá á béèrè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìgò náà lè bẹ́, nítorí náà kí okùn tó ń tú u gùn, kí ẹnikẹ́ni má sì dúró tì í. Ìyẹ́, ìwúwo imú, párásúùtì tí wọ́n fi àpò ike gé, gbogbo ìṣòro ti H wà nínú rẹ̀ ní kékeré, àyàfi iná. Ìwọ̀n gíga rẹ̀ náà wà nínú ìwé ìṣirò ilé ẹ̀kọ́: kí ọmọ kan dúró ní 50 mítà sí ibi ìgbéra, kó di ohun èlò tí wọ́n fi ń wọn igun mú pẹ̀lú okùn àti òkúta kékeré tó rọ̀ wálẹ̀ láti àárín rẹ̀, kó wo ìgò náà láti etí ohun èlò náà títí tó fi dé òkè. Bí igun tó fi gbójú sókè bá jẹ́ 45, ìgò náà ga ní 50 mítà lókè ojú rẹ̀. Bó bá jẹ́ 30, kò pé 29. Kí wọ́n fi ẹni mẹ́ta sí ibi mẹ́ta, kí wọ́n sì kọ ohun tí oníkálukú rí sílẹ̀ kí wọ́n tó bi ara wọn. Ẹgbẹ́ tó bá lè ṣe èyí fún ọdún kan láìsí ẹni tó fara pa, tó sì ní ìwé àkọsílẹ̀ ìgò kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́, ló ní ohun tó lè gbé lọ síwájú ìjọba ní Parakou nígbà tó bá fẹ́ béèrè fún ẹ́ńjìnnì àkọ́kọ́.